Láàárín Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba àti Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá: Ta Ni Ó Ń Pèsè Ọmọ Sílẹ̀ fún Iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀pọ̀ wa ló jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn kan nínú wa yóò sì padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ìbéèrè náà ni pé nígbà tí ọmọ bá lo ọdún méjìlá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kí ni ó mú dání jáde tí ó lè fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀? Àwa tí ilé-ẹ̀kọ́ náà sì wà ní àdúgbò wa ńkọ́? Kí ni ipa tiwa nínú rẹ̀?

Baṣọ̀run ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà tó ti Ìdí-Apẹ́ lọ sí Akọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin àdúgbò yìí ní ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí i pé oríṣi ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní ògiri, ó ní géètì, ó ní agogo, aṣọ kan náà sì ni gbogbo ọmọ inú rẹ̀ wọ̀. Èkejì kò ní ògiri rárá. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni, ọgbà mẹkáníìkì ni, ìsọ̀ káfíńtà ni, ilé onídìrí ni, ibi tí wọ́n ti ń jó irin ni. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní ẹni tó ń kọ́ wọn. Nígbà mìíràn, ọmọ ìyá kan náà ni ẹni tó wà nínú ògiri àti ẹni tó wà níta.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní ni èkejì kò ní, ohun tí èkejì ní ni ti àkọ́kọ́ ń wá kiri. Kì í ṣe ògiri nìkan ló pààlà sáàárín wọn. Èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka wa gan-an nìyẹn.

Òpó mẹ́rin tó gbé ìkọ́ṣẹ́ dúró

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, iṣẹ́ ìdílé ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń jogún. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ẹwìrì, ọmọ aláró ń bá ìyá rẹ̀ gún ẹ̀lú, ọmọ onílù ń tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sóde. Nígbà tí iṣẹ́ tuntun dé, bíi fífi ẹ̀rọ rán aṣọ, títún mọ́tò ṣe, iṣẹ́ iná àti iṣẹ́ bíríkìlà, kò sí ìdílé kan tó ni wọ́n. Àwọn òbí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò bá wọn tan. Bí ìkọ́ṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí ṣe gbilẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá wo ìkọ́ṣẹ́ yìí dáadáa, a ó rí òpó mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀.

Òpó kìíní ni àdéhùn. Òbí àti ọ̀gá yóò jókòó, wọn yóò sọ iye ọdún tí ọmọ máa lò, owó tí wọ́n máa san, àti irin-iṣẹ́ tí ọmọ máa mú wá. Onídùúró yóò wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá sá lọ tàbí tí ó bá ba nǹkan jẹ́, ẹnìkan wà tí wọ́n lè kàn lára. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ nìkan ló wọ iṣẹ́, ìdílé rẹ̀ bá a wọ̀ ọ́.

Òpó kejì ni wíwò kí a tó ṣe. Ọmọ tuntun kì í fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Yóò gbálẹ̀, yóò ṣa irin-iṣẹ́, yóò máa na nǹkan sí ọ̀gá lọ́wọ́. Ẹni tó bá rò pé ìyà lásán nìyẹn kò wò ó dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá bá na ọwọ́, tí ọmọ sì mọ sípánà tí ó ń fẹ́ kí ó tó dárúkọ rẹ̀, ọmọ náà ti mọ ohun tí iṣẹ́ ọ̀hún ń béèrè àti ìgbà tí ó ń béèrè rẹ̀.

Òpó kẹta ni pé iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ ní olówó, mọ́tò tó wà lórí jáàkì ní olówó. Bí ó bá bàjẹ́, olówó yóò dé. Ọmọ ń kọ́ bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí a ti ń dá owó iṣẹ́ lé, bí a ti ń bẹ ẹni tí aṣọ rẹ̀ pẹ́. Kò sí ìdánwò tó le tó èyí.

Òpó kẹrin ni fírídọ̀mù. Ní ọjọ́ náà, àwọn òbí, àwọn ẹbí àti àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ yóò pé. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún ọmọ, yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí níṣojú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, àdúgbò mọ̀ pé ọ̀gá ni òun náà. Bí ó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n lè jẹ́rìí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa léèrè: èwo nínú òpó mẹ́rin yìí ni ọmọ tó jáde SS 3 ń rí? Ó ní ìwé ẹ̀rí WAEC bí ó bá yege. Ṣùgbọ́n ta ni onídùúró rẹ̀? Ta ni ó rí i níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rí? Ní ọjọ́ tó kọ ìdánwò tán, ta ni ó gbà á sí àárín àwọn àgbà?

Ọdún 1955 àti ìbéèrè tó tẹ̀ lé e

Kì í ṣe pé àwọn ìlú Yorùbá káwọ́ gbera nídìí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún 1932 ni Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú ló ronú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì gbé e dìde. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Community Grammar School. Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wáyé. Ó ń rán wa létí pé ìlú ló kọ́kọ́ ni wọ́n kí ìjọba tó gbà wọ́n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé àbá náà kalẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600. Ní 1955 kan náà, wọ́n di 811,432. Ẹ fojú inú wo iye yàrá ìkàwé, iye olùkọ́ àti iye ìwé tí irú ìpọ̀sí bẹ́ẹ̀ ń béèrè láàárín ọdún kan péré. Kò sí ohun tí ìjọba kan tún ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá tó yí ayé ọmọ tálákà padà tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 parí ìwé mẹ́fà ní 1960. Ìbéèrè tí a ń bi lónìí dé nígbà yẹn: kí ni yóò wá ṣe? Kò fẹ́ padà sí oko mọ́, nítorí wọn kò rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí oko. Iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì lè kárí wọn. Ìjọba ti ronú sí i ṣáájú, wọ́n ti dá Modern School ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò lọ sí Grammar School, pé kí wọ́n kọ́ nǹkan tó wúlò fún ìgbésí ayé. Ṣùgbọ́n ojú àtẹ̀gùn ni àwọn òbí fi wo Modern School. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ń wá ọ̀nà tí yóò gbà dé Grammar School tàbí kó di olùkọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pa á tì.

Ibo wá ni àwọn ọmọ náà gbà lọ? Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan, Archibald Callaway, ṣe ìwádìí nípa àwọn tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn níbí ní àwọn ọdún yẹn. Ó rí i pé ọ̀dọ̀ télọ̀, káfíńtà, mẹkáníìkì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ láti kọ́ṣẹ́. Ní 1964, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń jẹ́ Odù, ó sì pe ìkọ́ṣẹ́ ní ètò ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ìjọba ló kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù ló gba àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ìwé

Ìjọba gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, àti ní 1982 ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Èrò ibẹ̀ dára. Ọmọ tó bá parí girama kékeré yóò ti tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wò, yóò sì lè yà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá sí. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Introductory Technology. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí iná, kò sí yàrá tí wọ́n lè to ẹ̀rọ náà sí, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà kò jáde nínú àpótí tí wọ́n fi kó o wá.

Ní 2011, wọ́n tún gbìyànjú. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún girama àgbà gbé iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kalẹ̀, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀kan nínú wọn: aṣọ rírán, iṣẹ́ bíríkìlà, àtúnṣe fóònù, iṣẹ́ omi, fọ́tò yíyà, oúnjẹ sísè, ẹja sísìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2025, Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ tún ètò náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n dín iṣẹ́ ọwọ́ kù sí mẹ́fà: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Ọgbọ́n wà nínú dídín in kù, nítorí ó sàn kí ilé-ẹ̀kọ́ ní ohun èlò fún iṣẹ́ kan ju kí ó ní orúkọ iṣẹ́ mẹ́wàá lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe iye iṣẹ́ tó wà nínú ìwé ni ìṣòro náà. Lójú tèmi, bí a ṣe gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti fi òpó rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn géètì. A mú orúkọ iṣẹ́ náà wọlé, a kò mú ọ̀gá wọlé, a kò mú oníbàárà wọlé, a kò mú àdéhùn wọlé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí.

Ínṣì méjìlélógójì

Nígbà tí mo lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni, tí gbogbo wa ń pè ní TP, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì SS 2 tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Aṣọ rírán náà ló yàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ní kíláàsì. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ ìránṣọ sínú ìwé wọn, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i, wọ́n sì há ìtumọ̀ wọn sórí. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú yàrá náà.

Ọmọ yìí kò fẹ́ràn ìṣirò. Ìdá ló tilẹ̀ burú jù lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo bi í pé bí ìdí oníbàárà bá jẹ́ ínṣì 42, báwo ni yóò ṣe gé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò dúró ronú.

Ó ní, “Màá ká aṣọ náà sí mẹ́rin, mà. Mẹ́wàá ààbọ̀ ló máa kan apá kọ̀ọ̀kan. Màá wá fi díẹ̀ sí i fún ojú rírán.”

Mo kọ ohun tó sọ sójú pátákó: 42 ÷ 4 = 10½. Ó wò ó títí.

Ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní fraction náà nìyẹn, mà?”

Òun ni. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì ń gbòdo lé lórí láàárọ̀ ní kíláàsì. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìdámẹ́rin tí ọ̀gá rẹ̀ ń ká aṣọ sí àti fraction tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó jẹ́ ohun kan náà. Èdè Yorùbá ni ó fi kọ́ ọ̀kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní èkejì. Kò sí afárá láàárín wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sílẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn bíríkìlà níbi tí wọ́n ti ń fa okùn ìpìlẹ̀ ilé tuntun. Bí wọ́n bá fẹ́ kí igun ilé dúró ṣánṣán bí igun ìwé, wọn yóò wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan, wọn yóò wọn 4 lórí èkejì, wọn yóò wá wọn ìdábùú tó so orí méjèèjì pọ̀. Bí ìyẹn bá pé 5 géérégé, igun náà dára. Bí kò bá pé, wọn yóò sún okùn. Akẹ́kọ̀ọ́ girama ń kọ́ nǹkan yìí gan-an: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, àròpọ̀ wọn jẹ́ 25, 5 lọ́nà 5 sì ni 25. Pythagoras ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá bíríkìlà lè má mọ orúkọ Pythagoras. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ rẹ̀, kò kàn mọ ilé tó ń gbé ni.

Ohun tí Ifẹ̀ ti fi hàn wá

Ọ̀rọ̀ èdè yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fún wọn lówó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Olùkọ́ tó mọ̀ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì tẹ̀ lé ètò àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù.

Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé ara wọn, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kí èyí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n sì ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ nínú ìwé.

Ìjọba kò dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ẹnikẹ́ni lè ní èrò tirẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó lè fagi lé èdè tí ọ̀gá télọ̀ fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní Baṣọ̀run. Yorùbá ni ṣọ́ọ̀bù ń sọ, yóò sì máa sọ ọ́ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló kù tí kò tíì fetí sí i.

Kí a má ṣe gbójú fo àléébù

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ pa kí gbogbo ọmọ lọ kọ́ṣẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ ní àléébù tirẹ̀, wọn kò sì kéré. Àwọn ọ̀gá kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ ilé ni ọmọ ń ṣe lọ́dọ̀ wọn ju iṣẹ́ tó wá kọ́ lọ. Àwọn kan ń lu ọmọ. Àwọn mìíràn ń fi ibi tí adùn iṣẹ́ wà pamọ́ títí ọdún yóò fi pé. Owó fírídọ̀mù pàápàá ń dá àwọn ọmọ kan dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ tán.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì ń yí padà. Mọ́tò òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú, ẹni tí kò bá lè ka ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá kọ jáde yóò máa tú mọ́tò olówó palẹ̀ lásán. Ẹni tó ń fa iná oòrùn sílé gbọ́dọ̀ lè ṣírò iye iná tí ilé ń lò kí ó tó sọ iye bátìrì tí oníbàárà máa rà. Télọ̀ tí kò lè ṣe àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde kò ní mọ̀ bóyá òun ń jèrè. Gbogbo ìwọ̀nyí, ilé-ẹ̀kọ́ ló ní wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kíkà, kíkọ, ìṣirò, èdè tó lè mú ọmọ kọjá Ìbàdàn, àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀ níbi gbogbo. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí bá ilé-ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀bù mu régé.

Ohun tí a lè ṣe

Ní Jámánì, ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, yóò sì lo àwọn ọjọ́ tó kù ní ilé-iṣẹ́ tó gbà á. Ìwé àdéhùn wà láàárín òun àti ilé-iṣẹ́ náà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 sì dáàbò bò ó. Bí a bá wò ó, òpó ìkọ́ṣẹ́ tiwa náà ni, ilé-ẹ̀kọ́ àti òfin ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn.

Nílẹ̀ tiwa náà, a ti rí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ya ìwé kúrò lára iṣẹ́. Ní 1956, Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń dáko, wọ́n ń bá wọn kọ́lé, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò ìwé bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìwé kò ní kí ọwọ́ má ṣiṣẹ́.

Àbá mẹ́ta ni mo ní. Kò sí èyí tó ní láti dúró de Àbújá nínú wọn.

Ìkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò. Ẹgbẹ́ télọ̀ ní alága, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní alága, wọ́n mọ ọ̀gá tó ń kọ́ni dáadáa àti èyí tí kò yẹ kí a fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́, àti ìgbìmọ̀ SBMC tí ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, lè bá wọn ṣe àdéhùn onígun mẹ́ta: òbí, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá. Ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó fún akẹ́kọ̀ọ́ SS 1 àti SS 2. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí lílù, kò sí rírán ọmọ níṣẹ́ ilé, kí olùkọ́ sì máa yọjú síbẹ̀. Báyìí ni ọmọ yóò ṣe ní onídùúró ní apá méjèèjì.

Èkejì, kí a jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà ní ìdánwò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ sí Trade Test. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ orúkọ wọn rí títí wọ́n fi jáde. Olùkọ́ tó bá sọ̀rọ̀ nípa WAEC lè sọ̀rọ̀ nípa wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀kẹta kan wá, àwa tí a ń kọ́ èdè. A máa ń ráhùn pé àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Ìdáhùn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ títì níbí. Àwọn ọ̀rọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan: orúkọ irin-iṣẹ́, orúkọ àṣìṣe, orúkọ ìwọ̀n, ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ọwọ́ ṣe. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wa bá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, tí ó sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì tó bá a mu, a ó ti ní ohun tí olùkọ́ lè gbé wọ kíláàsì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà nílé àti lókè òkun, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń kun géètì ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ṣeun. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a ra ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta sí yàrá tí àwòrán ẹ̀rọ nìkan wà.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò ní ẹ̀gbọ́n ní báǹkì tàbí àbúrò bàbá ní ilé-iṣẹ́ epo. Ìlú ló ní. Bí ìlú kò bá jáde sí i, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ dára tó, òun nìkan ni yóò dá dúró lọ́jọ́ tó bá jáde ní géètì.

Iṣẹ́ ṣíṣe fún ẹgbẹ́ ìjíròrò

1. Yan iṣẹ́ ọwọ́ kan ní àdúgbò rẹ. Kọ orúkọ irin-iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, kí o sì sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò àti èyí tó jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé.

2. Wá ẹ̀kọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì kan tó fara pamọ́ sínú iṣẹ́ náà, bíi ìdámẹ́rin lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí 3, 4, 5 lọ́dọ̀ bíríkìlà. Kọ ìlànà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogójì ìṣẹ́jú lé e lórí ní Yorùbá.

3. Nínú òpó mẹ́rin tí a mẹ́nu bà, èwo ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè tètè gbà wọlé láìná owó? Ṣàlàyé.

4. Béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì, ọ̀kan tó jáde girama tí kò kọ́ṣẹ́, ọ̀kan tó kọ́ṣẹ́ tí kò jáde girama, pé kí ni ó wù wọ́n kí wọ́n ti kọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹ mú ìdáhùn wọn wá sí ìpàdé.